Òkúta Tínrín Tó Fẹ́ Nípọn: Ìtàn Etí Àtẹ̀gùn

Nígbà tí àwọn baba wa ń wá orúkọ fún ilé alájà, wọn kò wo òrùlé rẹ̀, wọn kò sì wo fèrèsé rẹ̀. Àtẹ̀gùn ni wọ́n wò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa ń pè, ọ̀rọ̀ àyálò ni láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tọ́ka sí òkè àtẹ̀gùn. A pa fáwẹ́lì iwájú rẹ̀ jẹ, a fi fáwẹ́lì tiwa kún ibi tí kò ti ní, ó di ọmọ ilé. Èyí tí a kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀: tẹ̀ ẹ́, kí o sì gùn ún. (Ẹ má gbàgbé àmì ohùn o. Ẹni tó bá kọ atẹ́gùn, afẹ́fẹ́ ló kọ, kò sì sí ẹni tó lè gun ìyẹn dé àjà kejì.)

Apá kékeré kan lára àtẹ̀gùn ni ìtàn wa dá lé lórí. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì: èyí tó sùn tí a ń tẹ̀, àti èyí tó dúró tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń dojú kọ. A ó pe èkíní ní ìtẹ̀, a ó pe èkejì ní ìdúró. Ibi tí ìtẹ̀ ti yọ síta díẹ̀ ju ìdúró lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní imú, àwọn Faransé náà ń pè é ní imú. Àwa Yorùbá, etí ni a máa ń fún nǹkan: etí odò, etí aṣọ, etí ìkòkò. Etí ni a ó máa pè é níbí.

Bí ẹ bá wọ ilé olówó tí wọ́n fi mábù ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Èkó, ì báà jẹ́ ní Milan, ẹ lè rí i pé etí òkúta náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì rí róbótó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì. Ẹ ó rò pé òkúta ńlá ni. Kì í sábà jẹ́ òkúta ńlá. Pẹlẹbẹ òkúta tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 ni, tí wọ́n fi àtè lẹ òkúta tóóró mìíràn tó nípọn bákan náà mọ́ abẹ́ etí rẹ̀, kí wọ́n tó wá fi ẹ̀rọ yí méjèèjì po. Bí abẹ́ àtẹ̀gùn náà bá ṣófo, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó: ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì mẹ́ta péré ni òkúta kejì gbà wọ inú, lẹ́yìn náà ó parí.

Kí ló dé tí ẹni tó ní òkúta tínrín tó dára fi ń náwó kí ó lè dà bí ẹni pé ó nípọn? Ìdáhùn tiwa ni pé etí náà ń rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ odidi òkúta. Ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí àwọn ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń rẹ́ òkúta ní pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ojú wa kò tíì gbà fún un. Yíyí etí po tó bẹ̀rẹ̀ bí àánú fún ojúgun ọmọ ènìyàn sì ti di oge, oge náà sì ti sanra ju ohun tí ẹsẹ̀ lè fọkàn tán lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù. Wọ́n ṣí Òpó Trajan ní ọdún 113 lẹ́yìn ìbí Kristi. Àwòrán ogun tí wọ́n gbẹ́ yí i ká ni gbogbo àlejò ń wò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa wà. Àtẹ̀gùn tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ 185. Mábù láti agbègbè Carrara ni òpó náà, ìpín ńláńlá tó rí bí ìlù ni wọ́n tò léra, inú ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti gbẹ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn jáde. Àtẹ̀gùn àti ohun tó gbé e ró jẹ́ òkúta kan náà.

Ní Yúróòpù ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń kọ́ ilé olódi àti ilé ìjọsìn lo ọgbọ́n mìíràn. Odidi òkúta kan ni fún ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì gbẹ́ ìdí kan rẹ̀ ní róbótó. Bí wọ́n bá tò wọ́n léra, àwọn ìdí róbótó wọ̀nyẹn á di òpó àárín, ìdí kejì á wọ inú ògiri. Kò sí pé à ń fi nǹkan bo nǹkan. Èyí tó dára jù láti fi mọ ohun tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè fara dà ni àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá ìpàdé àwọn àlùfáà ní Katidírà Wells ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọ̀rúndún 13. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti jẹ òkúta náà débi pé ó ń bì bí omi. Ní 1903, Frederick Evans ya àwòrán rẹ̀, ó sì fún un ní àkọlé tó fi í wé òkun. Ohun tí àwòrán náà kò sọ ni pé òkúta ńlá nìkan ló lè gbà kí ẹsẹ̀ jẹ òun tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì ṣì jẹ́ òkúta. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ sẹ̀ǹtímítà 2 lára àtẹ̀gùn olówó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àtè ni yóò kàn.

Báwo ni òkúta ṣe wá di pẹlẹbẹ? Ayùn ni, àti yanrìn. Pliny Àgbà, ará Róòmù tó kú nígbà tí òkè Vesuvius bú ní ọdún 79, fi ìwé 36 nínú Naturalis Historia rẹ̀ sọ̀rọ̀ òkúta. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ó kàn dà bí ẹni pé irin ló ń gé mábù ni. Yanrìn ló ń gé e, irin kàn ń tẹ yanrìn mọ́ ojú ibi tí wọ́n ń rẹ́. Ó bínú sí àwọn oníṣẹ́ tó ń lo yanrìn líle nítorí pé irú yanrìn bẹ́ẹ̀ ń jẹ òkúta jù, pẹlẹbẹ a sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dárúkọ Mamurra, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Julius Caesar, pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Róòmù tó fi pẹlẹbẹ mábù bo ògiri ilé rẹ̀, kò sì fi èyí yìn ín rárá. Ẹ rí i pé ẹ̀sùn tí àwọn onílé ń fi kan àwọn oníṣẹ́ òkúta lónìí, pé wọ́n ń dín òkúta kù, ti dàgbà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lọ.

Ní Hierapolis, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Turkey lónìí, wọ́n gbẹ́ àwòrán kan sára pósí òkúta Marcus Aurelius Ammianus ní ọ̀rúndún 3. Kẹ̀kẹ́ omi ló wà níbẹ̀ tó ń fa ayùn méjì, ayùn ń rẹ́ òkúta. Ẹ̀rọ ni, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n ògiri àti ilẹ̀ ni ibùjókòó pẹlẹbẹ nígbà náà. Àtẹ̀gùn gbà á níbi tí bíríkì tàbí kọnkéré bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí òkúta tínrín kò lè dá gbé ènìyàn dúró.

A ó fo ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá dé ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnì kan ti bá wa wọn ẹsẹ̀. François Blondel ń kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Paris, ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Cours d'architecture, sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1675. Ó ní ìgbésẹ̀ ẹni tó ń rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ ínṣì Faransé 24, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 65 tiwa. Gbígbé ẹsẹ̀ sókè ní ínṣì kan sì jẹ́ iṣẹ́ ìlọ́po méjì rírìn síwájú ní ínṣì kan. Nítorí náà, kí a mú gíga ìdúró lẹ́ẹ̀mejì, kí a fi ìbú ìtẹ̀ kan kún un, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Ìdúró sẹ̀ǹtímítà 17 pẹ̀lú ìtẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 29 yóò fún wa ní 63, orí irú ìṣirò yìí sì ni àwọn ayàwòrán-ilé ṣì wà títí di òní.

Ìṣirò náà ló jẹ́ ká mọ ìwúlò etí. Àyè àtẹ̀gùn nínú ilé kì í pọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ìtẹ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ju ìdúró abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ti rí àyè sí i láìjẹ́ pé àtẹ̀gùn gùn sí i. Ẹni tó ń gòkè lè ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ sábẹ́ etí náà díẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè rí ibi gbé gìgísẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n etí òkúta tó mú bí ọ̀bẹ, ọ̀tá méjì ló ní: ohunkóhun tó bá jábọ́ lù ú yóò fá a, ẹni tó bá sì ṣubú sí i, ojúgun rẹ̀ ni yóò sanwó. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹ́-òkúta fi ń fá ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ń yí i po. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n a tún gbẹ́ kòtò tóóró kan kí òjìji lè bọ́ síbẹ̀, kí ojú lè rí etí náà dáadáa. Nínú òkúta ńlá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Etí tí ẹ rí nípọn nítorí pé òkúta náà nípọn.

Ọ̀rúndún 19 ló tú àwọn méjèèjì ká. Ẹ̀rọ ooru bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀pọ̀ ayùn lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta ńlá kan a wọlé, ó di ọ̀pọ̀ pẹlẹbẹ tó jáde. Ní àkókò kan náà, irin di egungun ilé. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe àtẹ̀gùn onírin, wọ́n sì ń to pẹlẹbẹ mábù tàbí síléètì sórí rẹ̀ bí ìgbà tí a bá to àwo sórí àgà. Ó lẹ́wà, ó sì fúyẹ́. Wọ́n rò pé kò lè jóná, nítorí irin kì í jó, òkúta kì í jó. Òótọ́ ni pé òkúta kì í jó, ṣùgbọ́n iná a máa là á. Bí ooru bá kàn án, tí omi àwọn panápaná sì tún kàn án, pẹlẹbẹ tí kò ní nǹkan lábẹ́ á fọ́, ẹni tó wà lórí rẹ̀ a sì bá a lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi máa wọlé, òfin ilé kíkọ́ ìlú New York ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwo irin wà lábẹ́ gbogbo gígùn àti ìbú ìtẹ̀ tó bá jẹ́ òkúta. Nínú òfin yẹn ni a ti rí i kedere pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé òkúta àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tó ń gbé ènìyàn mọ́. Aṣọ ni, ohun mìíràn ni ara. Nígbà tí kọnkéré onírin gbòde, ó di bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Bí ó bá ti di aṣọ, a lè ṣẹ́ etí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló mú kí èyí rọrùn, ó sì yà wá lẹ́nu bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Èkíní ni àtè. Láàárín àwọn ọdún 1930 sí 1940, Pierre Castan ní Switzerland àti Sylvan Greenlee ní Amẹ́ríkà, láìjọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣe àwọn èròjà tí a wá mọ̀ sí epoxy, tó lè mú òkúta mọ́ òkúta débi pé bí a bá fi òòlù lù ú, òkúta lè là ṣáájú ojú àtè. Èkejì ni dáyámọ́ǹdì àtọwọ́dá: ní December 1954, Tracy Hall ṣe é jáde ní ilé ìwádìí General Electric ní Schenectady. Ẹ̀kẹta, ní ọdún 1954 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Ackermann + Schmitt ní Jámánì gbé maṣíìnì ọlọ́wọ́ tó ń yí bírí jáde, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ táìsì fi ń gé táìsì ládùúgbò wa. Nígbà tí abẹ dáyámọ́ǹdì wá dé ẹnu maṣíìnì yẹn, ohun tí agbẹ́-òkúta ń fi òòlù àti ìgbẹ́ ṣe fún ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù ju bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ lọ. Láti inú pẹlẹbẹ kan náà ni ó yẹ kí òkúta tóóró ti wá, ní ẹ̀gbẹ́ etí iwájú gan-an, kì í ṣe láti inú àkùfọ́ tó wà nílẹ̀. Ìdí ni pé mábù ní iṣan. Bí wọ́n bá gé tóóró náà láti ẹ̀gbẹ́ etí, tí wọ́n sì pa á dé sábẹ́ bí télọ̀ ṣe ń ṣe ìṣẹ́tí aṣọ, iṣan tó wà lókè yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ojú kò sì ní rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. (Ẹ wo ìṣẹ́tí: etí tí a ṣẹ́. Àwọn télọ̀ wa ti ní orúkọ iṣẹ́ yìí kí òkúta rẹ̀ tó dé.)

Àtè kì í mú ojú tó ń dán. Wọn ní láti fi nǹkan ha ojú méjèèjì tó fẹ́ pàdé, kí wọ́n nù ún kúrò nínú eruku àti epo, kí ó sì gbẹ dáadáa. Oríṣi àtè méjì ló wọ́pọ̀: polyester tó ń gan kíákíá, àti epoxy tó ń pẹ́ kó tó gan ṣùgbọ́n tó lágbára ju èkíní lọ, pàápàá níbi tí omi àti oòrùn bá ti ń bá a. Wọ́n ń po àwọ̀ mọ́ ọn kó lè bá òkúta dọ́gba. Wọ́n á wá fi irin ìfúnmọ́ tò ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àtè tó ṣẹ́kù lè ru jáde, nítorí ojú àtè tó tín-ín-rín ló ń mú jù. Lẹ́yìn tó bá ti gan, yíyí etí kù. Ẹnu maṣíìnì kì í sọ igun di róbótó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oníṣẹ́ á gé igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ ní dídà, á tún gé àwọn igun tuntun tó yọ, á tún gé tiwọn, títí tí igun kò fi sí mọ́. Ẹ̀yìn èyí ni dídán: páàdì nọ́ḿbà 50, 100, 200, 400, 800, 1500, títí dé 3000. Ẹni tó bá fo nọ́ḿbà kan nínú wọn, iná mànàmáná ni yóò tú àṣírí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tàn án ní alẹ́.

Ti gbígbé e sílé, bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Ìwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ mú, láti ojú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bí yóò ṣe rí nígbà tí wọ́n bá parí, dé ojú ilẹ̀ òkè bí òun náà yóò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni yóò pín in dọ́gba. Ìdúró ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀, ìtẹ̀ yóò sì jókòó lé e lórí. Àpòpọ̀ yanrìn àti sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kún abẹ́ ìtẹ̀ pátápátá. Ibi tó bá ṣófo, bí a bá fi ìka kàn án, yóò dún bí agbè, ibẹ̀ náà ni yóò sì là lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé fìríìjì gòkè. Fún mábù funfun, sìmẹ́ǹtì funfun ni, nítorí àwọ̀ eérú lè gba inú òkúta jáde sójú.

Ibi tí a ti ń kọ́ ilé tuntun, èyí kò ṣòro. Ibi tó ti ń pa ènìyàn lára ni ilé àtijọ́ tí wọ́n ń tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn àti Èkó ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, tẹràsò ni àtẹ̀gùn wọn, òkúta mábù wẹ́wẹ́ nínú sìmẹ́ǹtì. (Mábù wà ní ilẹ̀ wa náà, ní Ìgbẹ́tì.) Tẹràsò lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó ti di ohun àtijọ́ lójú àwọn ọmọ, wọ́n á sì ní kí wọ́n fi òkúta tuntun bò ó. Ẹ bá wa ṣírò o. Gbogbo ìdúró jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17. Wọ́n fi àpòpọ̀ sẹ̀ǹtímítà 3 àti òkúta sẹ̀ǹtímítà 2 lé ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Àwọn tó wà láàárín ṣì jẹ́ 17, nítorí gbogbo wọn jọ ga sókè ni. Àkọ́kọ́ ti di 22. Ìkẹyìn ti di 12. Òfin ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdúró tó ga jù àti èyí tó kéré jù nínú àtẹ̀gùn kan ju mìlímítà 9.5 lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń há ìwọ̀n sórí lẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì mẹ́ta, kì í sì í wo ilẹ̀ mọ́. Níhìn-ín ìyàtọ̀ náà ti di sẹ̀ǹtímítà 10. Ìyá àgbà tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti ogójì ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilé náà ju ojú rẹ̀ lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí etí róbótó wa. Ìlànà tí Amẹ́ríkà fi ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2010, sọ pé kí yíyípo etí àtẹ̀gùn má ju ti òbìrípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13 lọ, àti pé kí etí má yọ síta ju mìlímítà 38 lọ. Òkúta kan ṣoṣo tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, bí a bá yí i po pátápátá, mìlímítà 10 ni yóò fún wa, ó wọlé. Òkúta méjì tí a lẹ̀ pọ̀ di sẹ̀ǹtímítà 4, bí a bá yí i po pátápátá, mìlímítà 20 ni. Ó ti jáde nínú ìlànà, kò sì sí ọgbọ́n tí oníṣẹ́ fi lè mú un wọlé àfi kí ó jẹ́ kí ojú etí náà dúró gbọọrọ, kí ó kàn fá igun òkè rẹ̀ díẹ̀.

Ìdí tó wà lẹ́yìn nọ́ḿbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń balẹ̀, ẹ̀bá etí ló sì ń balẹ̀ sí. Bí òkúta bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti sẹ̀ǹtímítà 2 ṣáájú etí, orí ibi tó dà yẹn ni ẹsẹ̀ yóò gúnlẹ̀ sí. Ó tún ń dán, wọ́n ti fi nọ́ḿbà 3000 pa á. Bí omi bá wà nílẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù. Nínú gbogbo ohun tí a kà fún àròkọ yìí, èyí ló dùn wá jù: pé àwọn ènìyàn ń san owó òkúta kejì, owó àtè, owó iṣẹ́, kí ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojúgun lè di ohun tó ń yọ ẹsẹ̀. A kò sọ pé kò lẹ́wà. Ó lẹ́wà lórí tábìlì ìdáná, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí tábìlì.

Apá mìíràn wà tí ẹni tó ra òkúta kì í rí, nítorí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yí etí náà po. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn agbẹ́-òkúta láti Carrara kó lọ sí ìlú Barre ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Aberdeen láti Scotland náà sì lọ síbẹ̀. Gíránáìtì ni òkúta Barre. Àwọn ará Carrara mọ eruku dáadáa, ṣùgbọ́n eruku mábù ni wọ́n mọ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú mábù kò jìnnà sí ẹfun. Gíránáìtì ní òkúta kúwátísì nínú, eruku rẹ̀ a sì máa dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá tí kì í jinná. Ìgbà yẹn gan-an ni ìgbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń tì dé, tó ń gé òkúta kíákíá, tó sì ń tú eruku jáde ju ti òòlù lọ. Òtútù Vermont kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré, ikọ́ ife sì tètè ń mú ẹni tí àpá yẹn bá ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1930 ni ẹ̀rọ tó ń fa eruku wọ àwọn ìsọ̀ náà káàkiri, àrùn náà sì dín kù gidigidi láàárín àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

A lè rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀, àfi pé òkúta àtọwọ́dá tún dé, kúwátísì lílọ̀ tí wọ́n fi àtè mú pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kúwátísì lé ní ìdá 90 nínú 100. Òun náà ni wọ́n ń gé, òun ni wọ́n ń lẹ̀ ní méjì méjì, tí wọ́n sì ń yí etí rẹ̀ po. Àwọn oníṣẹ́ tí kò tíì pé ogójì ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í ní àrùn tí àwọn dókítà rò pé ó ti di ti àwọn baba ńlá. Ní July 1, 2024, Ọsirélíà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de ṣíṣe òkúta yìí, títà á àti gígé e.

A ṣírò eruku etí kan. Láti yí etí òkúta tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 po pátápátá, ohun tí a ó lọ̀ dànù lára ìtẹ̀ tó gùn ní mítà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà onígun 172. Bí ó bá jẹ́ gíránáìtì, ìyẹn tó gíráàmù 460. Fún òkúta sẹ̀ǹtímítà 2, bí 115 péré ni: a sọ nípọn di ìlọ́po méjì, eruku di ìlọ́po mẹ́rin. Fún àtẹ̀gùn ẹlẹ́sẹ̀ 17, ó ń lọ sí kílò 8 eruku láti ara etí nìkan, a kò tíì ka gígé. Bí wọ́n bá ń da omi sí ẹnu maṣíìnì bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, púpọ̀ nínú kílò 8 yẹn yóò di ẹrẹ̀ funfun sílẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ní láti kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó tó gbẹ.